Máàkì Tí Warri Fún Báńgà Inú Ọ̀rá

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
Ekurede-Urhobo, Warri.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Zulaykha Àyìnkẹ́, ọmọ mi,

Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà yín, fún gbogbo Warri àti gbogbo odò tó yí i ká, ló ń kọ ìwé yìí sí ọ, nítorí náà bí o bá jókòó, dìde, bí o bá ń jẹun, fọwọ́. Bàbá rẹ ti di ẹni ńlá. Mo ní fìlà iléeṣẹ́ yín, mo ní ẹ̀wù iléeṣẹ́ yín, wọ́n fi okùn so káàdì mọ́ mi lọ́rùn bí àgbò tó ń retí Iléyá, ènìyàn mẹ́fà ló sì ń gbàṣẹ lẹ́nu mi ní etí omi.

Ó dáa, wọn ò tó mẹ́fà. Ẹnì kan ni, Akínsànmí ọ̀rẹ́ mi tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ni, òun náà kì í sì í gbọ́ràn. Kì í sì í ṣe gbogbo Warri, Ogbe-Ijoh ni, láti ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi títí dé ìdí àtẹ àlùbọ́sà mi, o sì mọ̀ pé tí mo bá wúkọ́ ní ọwọ́ kan, wọ́n á gbọ́ ọ ní ọwọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi ṣe ọ̀gá náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, láti Mọ́ńdè títí dé Wẹsidé, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ káàdì wọn lọ́rùn mi, wọ́n ní kí n máa mú fìlà lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti dìde, má tíì jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé yìí tó gbọ́dọ̀ dé etí rẹ kí Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí tó mọ́, ọjọ́ tí o ní wàá fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n fi tírélà méjì kó ọbẹ̀ inú ọ̀rá wá sí Warri. Má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ka ti bàbá rẹ tán ná. Mo mọ̀ pé bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀ lo ṣe ń ka Yorùbá, ìwọ tí mo bá fi Yorùbá pè, Píjìnì lo fi ń jẹ́ mi láti kékeré, ṣùgbọ́n rọra máa bọ̀, ibi tí mò ń lọ kò jìnnà.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé nínú ilé alájà mẹ́rin yẹn ń kí ọ láàárọ̀, àbí wọ́n ṣì ń wo ara wọn bí ẹni jẹ ara wọn níṣu? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lórí omi níbi tí kò sí títì, á máa ṣọ́ ọ níbi tí títì wà. Ẹni tó bá ní àga ipò tuntun tí o fẹ́ jókòó lé yìí kò tọ́ sí ọ, ìdí á máa ro ó lórí tirẹ̀. Ọkọ tí à ń retí, bó bá jẹ́ pé ó ṣìnà ni, Ọlọ́run á júwe ilé wa fún un, bó bá sì jẹ́ pé ó ti débẹ̀ tí ìwọ ń fi igi lé e, Ọlọ́run á gba igi náà lọ́wọ́ rẹ. Má bínú. Ìyá rẹ ló ní kí n fi àdúrà ọkọ sí i, èmi ni mo fi igi sí i.

O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù ńlá tí o rà fún mi. Fóònù náà dára, ṣùgbọ́n àìsàn inú ń ṣe é. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ sójú pé inú òun ti kún, pé kò sí àyè mọ́. Mo ní kó gbààwẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi iná bọ́ ọ. Inú náà ò fọ̀, ojú rẹ̀ ló ṣú, ó sì kú fin-ín-fín. Nígbà tí mo ní kó ṣínu, ohun àkọ́kọ́ tó tún kọ ni pé inú òun kún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lórí fóònù, o máa já lù mí lẹ́nu kí n tó dé ìdajì, o máa pariwo, èmi náà á pariwo, káàdì á tán sórí ariwo. Ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ já lu bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Súnkànmí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ń bọ̀ l'Ékòó láàárọ̀ ọ̀la, ọwọ́ rẹ̀ ni màá fi rán an, mo sì ti sọ fún un pé kó má gbà kí o fún un lóúnjẹ títí wàá fi kà á tán lójú rẹ̀.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Ìyá rẹ wà dáadáa, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń sọ ti òjò tẹ́lẹ̀, ó sì ń mọ̀ ọ́n ju rédíò lọ. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan jọ lándílọ́ọ̀dù gan-an, títí dé irùngbọ̀n, mo sì ti kìlọ̀ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má pè é ní orúkọ yẹn lójú bàbá náà. Akínsànmí kí ọ. Ó ní ọmọkùnrin òun ti kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà tán ní Ugbolokposo, kí o wá fẹ́ ẹ. Mo ní ṣé èyí tó máa ń tọ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ìyẹn ti pẹ́. Mo ní ó pẹ́ tó ìgbà wo. Ó ní kí n fún òun ní àlùbọ́sà òun kí òun máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. O ti pé ọdún mẹ́rin ní iléeṣẹ́ yẹn, mo sì ń jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run má bínú, mi ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ní mọ́ṣáláṣí wọ́n á ní Bàbá Zulaykha, iṣẹ́ kí lọmọ yín ń ṣe l'Ékòó. Mo máa ní máákẹ́tìn ni. Wọ́n á ní ṣé ó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní rárá. Wọ́n á ní ṣé ó ń ra ọjà jọ ni. Mo ní rárá. Wọ́n á ní ẹni tí kò rà tí kò tà, kí ló wá ń ṣe lọ́jà. Nígbà tó sú mi, mo sọ fún wọn pé ìjọba ló gbà ọ́ kí o máa ṣọ́ ọjà fún wọn. Wọ́n fara mọ́ ìyẹn, kódà wọ́n ti ń kí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí o wá sọ fún wa pé àwọn ènìyàn yín ń bọ̀ ní Ogbe-Ijoh, pé wọ́n ń mú ọbẹ̀ tuntun kan bọ̀ tó ń jẹ́ Kíá Báńgà, báńgà gbígbẹ nínú ọ̀rá tí èèyàn kàn máa bu omi gbígbóná lé tó sì máa di ọbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ fi wá wò ó bóyá nǹkan ló ń ṣe mí. Ẹ gbé báńgà wá sí Warri! Níbi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gún ẹyìn tí wọ́n sì ń sẹ́ ẹ. Ẹ ò kúkú rọ omi sínú ìgò kí ẹ lọ tà á fún ẹja. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé Láwàl, ọjọ́ tí wàá fi ojú ara rẹ rí iṣẹ́ ọmọ rẹ nìyí.

Bí ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn ṣe dé, Fọláwẹ̀mí lorúkọ rẹ̀, o mọ̀ ọ́n, èyí tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun ń wá ẹnì kan tí gbogbo etí omi mọ̀, tó lè pe èrò jọ. Gbogbo àtẹ pátá ló nawọ́ sí èmi. Ó ní kí ni wọ́n ń pè yín. Mo ní Bàbá Alálùbọ́sà. Mi ò sọ fún un pé èmi ni mo bí ọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ lẹ́yìn, kí n lè mọ ẹni tí màá ṣépè fún àti ẹni tí màá ṣàdúrà fún.

Iṣẹ́ yín dùn, ọmọ mi, irọ́ kọ́. Ká tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, Fọláwẹ̀mí á ní ká pa òbìrí yí mọ́tò ká, ká máa pàtẹ́wọ́, òun á máa kígbe nǹkan kan lédè Òyìnbó, àwa á sì máa dáhùn. Mo rò pé àdúrà ni. Àmín ni mò ń ṣe ní tèmi, mo ń fọwọ́ pa ojú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ yòókù náà ti ń ṣe àmín, ó sì bá ohùn mu ju èyí tí ẹ fi kọ́ wọn lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀wù mi gàdàgbà pé kí gbogbo ayé bi mí léèrè. Wọ́n sì bi mí. Wọ́n bi mí ní ìgbà tí ọkọ̀ máa ṣí, wọ́n bi mí ní iye tí wọ́n ń ta ẹja, obìnrin kan tilẹ̀ bi mí bóyá ọkọ òun tó bínú lọ máa padà wálé. Ẹ̀wù iléeṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo ní á dé lọ́jọ́ Tọ́sìdé. Ọkùnrin náà sì dé lọ́jọ́ Tọ́sìdé lóòótọ́, ó gbé àpò gààrí lérí. Àwọn ará etí omi wá gba iléeṣẹ́ yín gbọ́ gan-an báyìí.

Wọ́n tún fún mi ní fóònù kékeré kan, wọ́n ní ó ń sọ fún àwọn ará Èkó pé ibi báyìí ni mo dúró sí ní wákàtí báyìí. Mo bá a ṣe àdéhùn. Tí àkókò ìrun bá tó, màá fi í sábẹ́ tábìlì, fóònù á dúró síbi iṣẹ́, èmi á lọ kírun. Fọláwẹ̀mí yìn mí lọ́jọ́ kejì pé láàárín gbogbo wọn, èmi nìkan ni mi ò kúrò lójú kan. Nígbà tí mo wá ronú sí i, mo rí i pé iṣẹ́ alárinà ni iṣẹ́ yín. Ẹ ò bí ìyàwó, ẹ ò fẹ́ ìyàwó, ẹ kàn wà láàárín tí ẹ̀ ń sọ fún ilé ọkọ pé ọmọ náà rẹwà, ó mọ ilé gbá, ó ń gbọ́ràn. Ìyẹn yé mi. Alárinà wo ló máa sọ pé ọmọ náà ń hanrun? Ibi tí kò yé mi ni pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti yìn ín tán, ẹ tún máa ń gbé ìwé fún ilé ọkọ, ẹ máa ní kí wọ́n kọ àléébù rẹ̀ wá.

Ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: Fọláwẹ̀mí á se ọbẹ̀ náà sínú ìkòkò ńlá, á bù ú fún ènìyàn pẹ̀lú sítáàṣì díẹ̀, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń jẹ báńgà níbí, ẹni náà á jẹ ẹ́, èmi á fún un níwèé pélébé kan kó kọ nọ́ńbà sí i, láti ọ̀kan títí dé mẹ́wàá. Mẹ́wàá ni pé ó dùn gan-an. Ìwé gidi ni wọ́n lò, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró ní etí omi. Àádọ́ta ènìyàn lójúmọ́, àádọ́jọ lápapọ̀. Akínsànmí lẹni àkọ́kọ́. Ó jẹ ẹ́, ó dijú, ó wo omi, ó wá kọ méjì. Ojú gbà mí tì. Ọmọ ọlọ́mọ wá láti ọ̀nà jíjìn, ó forí ko èéfín, ó fún ọ lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi pẹ̀lẹ́tù bi ọ́ pé báwo ló ṣe rí, o wá kọ méjì! Nílé wa ní Ṣakí, tí wọ́n bá ti fún ọ lóúnjẹ, ìdáhùn kan ló wà: ó dùn, a dúpẹ́, àwo kò ní gbẹ. Bí iyọ̀ bá sì fẹ́ pa ọ́, ẹ̀yìn ilé lo ti máa wá omi. Mo ní kó tún un kọ. Ó gba ìwé tuntun, ó kọ ọ̀kan.

Mo wá rí i pé ẹ̀kọ́ ilé ló ń da àwọn ènìyàn wọ̀nyí láàmú. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí wọ́n tò sí, mo ń fi Píjìnì bá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ẹni tí bàbá rẹ̀ bá tọ́ á dáadáa, mẹ́wàá ló ń kọ, pé àlejò lọmọ yìí, ẹ má dójú tì wá. Wọ́n gbọ́. Ẹlòmíì á kọ mẹ́wàá, á sì lọ tu ti ẹnu rẹ̀ sómi. Lọ́jọ́ kejì Fọláwẹ̀mí rí mi. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn dáhùn, òótọ́ inú wọn là ń wá. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kì í sọ òdodo, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ kó oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ẹ tún wá ń wá òdodo lẹ́nu kan náà. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó jókòó tì mí lórí àpò àlùbọ́sà, ó ní ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọ̀gá àwọn kan wà l'Ékòó, Zulaykha lorúkọ rẹ̀, òun ló takú pé Warri ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọbẹ̀ yìí lọ. Ó ní ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àṣìṣe ni, bí nọ́ńbà bá sì lọ sílẹ̀, wọ́n máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Zulaykha fún un, bóyá wọ́n tilẹ̀ máa ní kó máa lọ sílé.

Àlùbọ́sà tó wà lọ́wọ́ mi bọ́ sílẹ̀. Títí dé wákàtí yẹn, nítorí ẹ̀kọ́ ilé ni mo fi ń ṣe é. Láti wákàtí yẹn lọ, nítorí rẹ ni.

Àwọn obìnrin Warri wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́jọ́ kẹta. Màmá Ejiro, ará Urhobo tó ń ta báńgà àti sítáàṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú omi, o jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ dàgbà, òun ló ṣáájú. Ó fi ìka kan tọ́ ọ wò. Ó bi Fọláwẹ̀mí ní Píjìnì pé hu dáì, ta ló kú tí wọ́n fi ń se irú èyí. Ó ní níbo ni ataiko wà nínú ọbẹ̀ yìí, hóró tí ń mú báńgà ta sánsán náà ni, mo sì ń ṣẹ́jú sí i, mo ń na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i lẹ́yìn Fọláwẹ̀mí. Ó ní Bàbá Láwàl, kí ló ń ṣe ọ́ lọ́wọ́. Ó kọ ọ̀kan, ó sì fa ìlà sí i nídìí. Ìyá rẹ náà wá, mi ò mọ ẹni tó pè é, ó tọ́ ọ wò, ó kọ nǹkan, ó ká ìwé náà, ó wò mí, ó lọ sílé.

Àná ọjọ́ Jímọ̀ ni o wá pè wá. Ayọ̀ tó wà lóhùn rẹ, ọmọ mi, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí o ti yege ìwé mẹ́wàá. O ní Bàbá, Warri fún wa ní mẹ́sàn-án ààbọ̀! O ní kò sí ìlú tó gbà tó bẹ́ẹ̀ rí. O ní wọ́n pè ọ́ síwájú gbogbo iléeṣẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọkùnrin yẹn pàápàá pàtẹ́wọ́, o ní wọ́n ti fún ọ ní ipò tuntun, tó bá di Mọ́ńdè ìwọ fúnra rẹ ló máa fọwọ́ sí tírélà méjì, orúkọ rẹ ló sì máa wà lábẹ́ rẹ̀. O sunkún díẹ̀. O ní àwọn ará ilé òun kò já òun kulẹ̀. Mo ní alihamudulilai. Kí ni mo tún máa sọ?

Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí fóònù kú, ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò tó ń jò. Ó ní ọbẹ̀ tí gbogbo etí omi ń tu sómi, tí ẹja pàápàá ń yà fún, báwo ló ṣe gba mẹ́sàn-án ààbọ̀. Mo ní Ọlọ́run ló yé. Ó ní ó yé Ọlọ́run lóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀rù máa bà yín. Ó wọ ilé ìdáná. Nígbà tó gbé oúnjẹ mi wá, mo ṣí àwo, kí ni mo rí? Kíá Báńgà. Ó ti se méjì nínú àwọn ọ̀rá tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ó ní kí n jẹ ẹ́, kí n jẹ ẹ́ ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Zulaykha, ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi polówó ọbẹ̀ yẹn, mi ò fẹnu kàn án. Mo ń sọ pé mò ń gbààwẹ̀. Àná ni mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó dùn bíi ṣúgà, ó tún korò bí oògùn ikọ́, ó sì ń rùn bíi bàtà tuntun. Sítáàṣì tó máa ń yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ dúró sí mi lọ́fun, ó kọ̀ kò wọlé, ó kọ̀ kò jáde. Ìyá rẹ ń wò mí. Ó ní ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí ọmọ mi fọwọ́ sí nìyí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ó ní tí tírélà méjì bá wá jókòó sí Warri tí ẹnikẹ́ni kò ra ọ̀rá kan, ta ni wọ́n máa mú. Ó ní òun kò ní bá mi sọ ọ́, pé ẹni tó ṣe é ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ìwé. Ó ní ìwé náà dáa, ṣùgbọ́n títí ìwé yóò fi kúrò nílé, ohun tí màá máa jẹ nìyẹn. Ó ku ọ̀rá mẹ́rin.

Nítorí náà gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn sọ gan-an, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ. Orí mi kò gbàgbé ohun tí wọ́n bá fi bú ènìyàn, mo sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, mo ká a sínú ìwé yìí. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ yọ ṣúgà, pé ta ló kọ́ yín pé báńgà ń jẹ ṣúgà. Wọ́n ní ẹ fi ataiko sí i, ìyẹn tí Màmá Ejiro ń wá, kì í ṣe òórùn rẹ̀ nìkan, hóró rẹ̀. Wọ́n ní ó ki jù, ó dà bí ẹ̀kọ. Wọ́n ní ọ̀rá náà dára ó sì rẹwà, wọ́n tilẹ̀ ti ń fi í di iyọ̀. Màmá Ejiro ní bí ẹ bá sanwó ọkọ̀ òun, òun á wá sí Èkó wá fi hàn yín, ṣùgbọ́n òun kò ní sùn sí ilé alájà mẹ́rin. Gbé èyí lọ fún ọ̀gá rẹ láàárọ̀ Mọ́ńdè kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Sọ fún un pé bàbá rẹ ló ba nọ́ńbà yín jẹ́, kó bínú sí mi, ọ̀nà jìn sí mi. Bí ó bá ní wọ́n máa tún un ṣe, ẹ má fún mi ní káàdì mọ́, ẹ fi mí sí ibi pípàtẹ́wọ́ nìkan.

Ní ti owó, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kí n béèrè nìyí, ṣùgbọ́n òjò kò mọ ìyẹn. Páànù òkè yàrá ìyá rẹ ti lu, abọ́ mẹ́ta la fi ń gba omi, ìdì páànù kan á tó, àti ìṣó. Bí wọ́n bá fún ọ ní àga náà síbẹ̀, fi awò ojú kan kún un fún mi. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, fi páànù sílẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ wá sílé, abọ́ kẹrin wà níbẹ̀, wàá bá wa gbé e. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ ṣìṣe nítorí ọwọ́ tí ó tọ́ ọ. Orúkọ rẹ kò ní wà lábẹ́ ohun ìtìjú. Ẹni tó bá tọ́ iṣẹ́ rẹ wò á béèrè fún òmíràn. Àmín, láìpàtẹ́wọ́.

Ó ku ohun kan tí ìyá rẹ pàápàá kò mọ̀. Mo kọ ọ́ sókè pé mo gba àwọn ènìyàn níyànjú, òótọ́ ni, àwọn bí àádọ́rùn-ún sì gbà. Àwọn méjìdínlógún kọ márùn-ún àti mẹ́fà, mi ò rí nǹkan kan ṣe sí ìyẹn. Àwọn tó kù kọ ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́ Wẹsidé, nígbà tí Fọláwẹ̀mí ń kó ìkòkò sínú mọ́tò, ó ní kí n bá òun to àwọn ìwé náà jọ. Bírò wà lápò mi. Ìwé méjìlélógójì ni mo mú, mo fi òdo kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan tí wọ́n kọ, lórí gbogbo wọn. Ti Màmá Ejiro wà nínú rẹ̀, mo fi òdo tirẹ̀ sókè ìlà tó fà. Ti ìyá rẹ wà nínú rẹ̀. Warri kò fún yín ní mẹ́sàn-án ààbọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo fún yín.

Bàbá rẹ,
Láwàl Hàmídù.